Bí mo ṣe borí ìrù ọ̀rọ̀-àpèjúwe Jámánì

Oṣù méjì gbáko ni tíṣà wa fi ń fi bírò pupa fa igi lórí "ein kleine Hund" mi. Mo mọ̀ pé akọ ni Hund, ajá, nínú gírámà Jámánì. Mo mọ̀ pé kékeré ni klein. Ìrù tí wọ́n ń so mọ́ klein nídìí ni kò yé mi. Ajá kékeré sùn, mo rí ajá kékeré, mo fún ajá kékeré lóúnjẹ: tiwa kì í yí padà.

Ní Sátidé kan, mo fa ìlà sórí ìwé: Nominativ (olùṣe), Akkusativ (ohun tí a ṣe nǹkan sí), Dativ (ẹni tí a fún ní nǹkan), Genitiv (ẹni tó ni nǹkan), akọ, abo, aláìṣakọ-ṣabo, ọ̀pọ̀. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta: ìgbà tí der ("náà"; den, dem, das àti des jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀) bá ṣíwájú, ìgbà tí ein ("kan") tàbí kein ("kò sí kankan") bá ṣíwájú, ìgbà tí kò bá sí èyíkéyìí níwájú. Ojú 48 ló jáde, iye ọmọ ayò gan-an.

Abala der ni mo kọ́kọ́ kọ. Ìrù méjì péré ló wà níbẹ̀: -e lójú márùn-ún, -en lójú mọ́kànlá yòókù. Der kleine Hund, den kleinen Hund, dem kleinen Hund. Abala ein bá a dọ́gba, àfi ojú mẹ́ta. Mo fi bírò yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, mo tẹjú mọ́ wọn títí. Ein Hund, ein Kind (ọmọ kan): ein kò jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ akọ! Klein ló wá ń bá a ru ẹrù náà: ein kleiner Hund, ein kleines Kind. Bí der bá wà níbẹ̀, òun ló ń rù ú, klein á sinmi.

Ibi tí kò ti sí nǹkan kan níwájú ni ẹrù ti pọ̀ jù. Ìparí das bọ́ sídìí kalt, ó di kaltes Wasser, omi tútù. Ti dem di mit kaltem Wasser, pẹ̀lú omi tútù. Mo ń pè é sókè bí mo ṣe ń fọ abọ́.

Genitiv nìkan ló tún gbé mi ṣubú. Mo kọ trotz schlechtes Wetters, láìka ojú ọjọ́ burúkú sí, nítorí ìparí des. Schlechten ni. Wetters ti gbé s sídìí ara rẹ̀, kò ku ohun tí schlecht máa rù mọ́.

Ní Mọ́ńdè tíṣà dá ìwé mi padà. Pupa ẹyọ kan ló wà níbẹ̀: ein scharfer Messer, ọ̀bẹ mímú. Ìrù akọ náà pé pérépéré. Messer ni kì í ṣe akọ.