Ṣé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló lọ lóòótọ́? Bí ẹ ṣe lè yẹ ọkọ̀ yín wò kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ gbóná lójú ọ̀nà, ooru ń jáde lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì dé, ó wo ihò rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé fáànù ni kò yí, tàbí pé rọ́bà inú ìdérí rédíétọ̀ ti gbó. Owó tó wà láàárín àwọn nǹkan wọ̀nyí jìnnà síra wọn gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi Camry alẹ́ńjìnnì 2.4 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Big Daddy. Kí wọ́n tó lè fojú kan gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣéènì táímíǹgì gbọ́dọ̀ kúrò, gbogbo ohun tó so mọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yẹn nítorí àfojúrò.

Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ni abala pẹlẹbẹ tó wà láàárín bùlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Nǹkan mẹ́ta ló ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa dàpọ̀: iná àti agbára tó ń bú nínú sílíńdà, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, àti ọ́ìlì. Ibi tó bá ti ya ló ń pinnu àmì tí ẹ ó rí. Bó bá ya láàárín sílíńdà àti ojú ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnnì á máa fẹ́ gáàsì sínú rédíétọ̀, tàbí kó máa fa omi mu. Bó bá ya láàárín sílíńdà méjì, omi lè má dín rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kò sì ní lágbára. Bó bá ya sí ìta, omi á máa sun jáde lára ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á sì mọ́ tónítóní. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní "ọ́ìlì ò dàpọ̀ mọ́ omi, gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan" fi lè ṣìnà, tí ẹni tó bá rí èéfín funfun tó sì pariwo náà lè ṣìnà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹ wá ẹ̀rí méjì, ó kéré tán, tí ọ̀kan kò ti ara èkejì jáde.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn mọ́jú nìkan ni ẹ lè ṣí ìdérí rédíétọ̀ rẹ̀. Lára ìdérí yẹn, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 0.9 tàbí 1.1. Ìyẹn ni iye agbára tó ń dá dúró nínú omi. Lábẹ́ agbára 1.1, omi lè gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó má tíì hó. Bí ẹ bá tú u nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti ọwọ́ yín ni yóò sì bà. Aṣọ tí àwọn kan máa ń fi bo ìdérí kó tó di pé wọ́n yí i kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹ kun omi dé ibi tó yẹ, kí ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ ike omi ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ láti fi sàmì sí i. Ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí omi bá dín, ẹ wá ibi tó gbà kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni: àwọn họ́ọ̀sì, ìsàlẹ̀ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, etí rédíétọ̀ níbi tí ike ti pàdé irin, àti kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá tutù, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná inú ọkọ̀ ló ń jò. Ó sì lè jẹ́ omi AC lásán, èyí tí kì í ṣe omi rédíétọ̀ rárá, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.

Lára Camry 2.4 tí mo dárúkọ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà tó kọjú sí inú ọkọ̀, gan-an níbi tí bùlọ́ọ̀kù ti pàdé tọ́ọ̀pù. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí Toyota ń pè ní 2AZ-FE, ní àrùn kan táwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa: eyín inú ihò tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ń wọ̀ sí lẹ́yìn bùlọ́ọ̀kù á fà yọ, bóòtù kò ní lè di orí náà mú mọ́, omi á wá máa sun jáde níbẹ̀. Ẹ ó rí ipa omi tó ti gbẹ, funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, tó sì dá àwọn bóòtù náà padà sínú ihò tó ti fà yọ, ó ti fi owó yín ṣòfò. Ihò ọ̀hún ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́, kí wọ́n fi eyín irin tuntun sí i, kí wọ́n tó to ohunkóhun padà.

Ọ́ìlì

Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ. Bí ohun tó wà lára rẹ̀ bá rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Ọ́ìlì olómi kò lè dáàbò bo béáríǹgì, ọkọ̀ tó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ní lánàá lè béèrè fún odindi ẹ́ńjìnnì lọ́la.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí nìkan ni ẹ ti rí ohun funfun yẹn, tí ara gééjì sì mọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà, tó kàn ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé tó sì ń padà, kì í gbóná tó láti lé ìrì inú rẹ̀ jáde, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ọ̀nà kan wà láti fi parí iyèméjì yìí. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró mọ́jú, kí wọ́n tú bóòtù abẹ́ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ló kọ́kọ́ kán jáde, ọ̀rọ̀ ti tán.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ọ́ìlì nínú rédíétọ̀. Kí ẹ tó dá gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, ẹ fa gééjì ọ́ìlì jíà yọ. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onífúnra-ẹ̀-yí-jíà, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì jíà máa ń gbà kó lè tutù. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá lu nínú, ọ́ìlì jíà àti omi á dàpọ̀, ohun tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ki, ni ẹ ó máa rí. Rédíétọ̀ tuntun ni ẹ nílò, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n sì fọ inú jíà náà kíákíá, torí kì í pẹ́ kí omi tó bà á jẹ́.

Ẹ ta á, kí ẹ fọwọ́ di họ́ọ̀sì òkè mú

Ẹ ti ìdérí rédíétọ̀ pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kí ẹnìkan ta ọkọ̀, kí ẹ̀yin di họ́ọ̀sì ńlá òkè mú, kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí fáànù, nítorí ó lè dédé yí. Họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ rọ̀ títí omi fi máa gbóná. Bó bá le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, nígbà tí omi ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá, kí ni ó wú u? Ooru kọ́. Gáàsì láti inú sílíńdà ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó ṣí ìdérí, kí ẹ wá tún ta á, kí ẹ máa wo ojú omi. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè jáde bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi ni. Ìyẹn á dáwọ́ dúró tó bá yá. Ìhó tí kì í dáwọ́ dúró, tó tún ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń tẹ íná (asẹ́lẹ́rétọ̀) mọ́ ọn, ni kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn àgbà mẹkáníìkì ní ọgbọ́n kan tó dára: wọ́n á yọ bẹ́líìtì kí wọ́ọ̀tà pọ́ọ̀ǹpù má baà yí, wọ́n á sì ta ẹ́ńjìnnì tútù náà fún ìṣẹ́jú kan péré, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ò rìn, nítorí náà ohunkóhun tó bá ń hó nínú rẹ̀ wá láti ibòmíràn.

Èéfín àti plọ́ọ̀gì

Omi díẹ̀ tó ń kán ní ìdí sàlẹ́ńsà láàárọ̀ kì í ṣe àrùn. Epo tó ń jó máa ń ṣe omi, irin tútù ló sọ ọ́ di ẹ̀kán. Èéfín funfun tó nípọn, tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná dáadáa, ni ẹ̀rí. Àwọn ìwé sọ pé ó máa ń rùn bí ohun dídùn. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ kúláǹtì gidi lẹ fi sínú rédíétọ̀. Omi kànga lásán ni ọ̀pọ̀ ń bù síbẹ̀, omi kànga kì í sì í rùn, nítorí náà ẹ má dúró de òórùn. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jó, dúdú ń sọ pé epo bẹntiróòlù ti pọ̀ jù.

Ẹ tú gbogbo plọ́ọ̀gì, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà tó ń mu omi máa ń fọ plọ́ọ̀gì tirẹ̀ mọ́, tí yóò fi dà bíi tuntun láàárín àwọn tó kù. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ta á láàárọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì mú P0301 wá, ìyẹn àmì pé sílíńdà kan kò jó dáadáa, sílíńdà kìíní ni ó ń tọ́ka sí, P0302 èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó bóyá plọ́ọ̀gì tó mọ́ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà bára mu.

Bí ẹ́ńjìnnì bá há nígbà tí ẹ fẹ́ ta á, tó kàn dún "kọ́" tí kò yí, ẹ má fipá ta á. Omi lè ti kún sílíńdà kan, omi kò sì ṣeé fún pọ̀. Apá písítìnnì ni yóò tẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń yanjú ọ̀rọ̀

Ìgò kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀, tí oògùn aláwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ẹ ó máa fi rọ́bà rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi gba inú oògùn náà kọjá fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bó bá di yẹ́lò lára ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, gáàsì tó ti jóná wà nínú omi yín. Ti dísù máa ń di gíríìnì. Ẹ kọ́kọ́ dín omi rédíétọ̀ kù díẹ̀, torí bí omi bá wọ inú oògùn, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Bí mo bá fẹ́ ra irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ yìí, òun ni n ó rà. Síbẹ̀, bí oògùn kò bá yí àwọ̀, kò túmọ̀ sí pé gásíkẹ́ẹ̀tì wà ní pípé, nítorí kò lè rí omi tó ń jò síta bíi ti ẹ̀yìn 2AZ-FE yẹn.

Fún ìyẹn, pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò: wọ́n á fún afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ tútù dé iye tó wà lára ìdérí (1.1 jẹ́ nǹkan bíi 16 psi), wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Bí ọwọ́ gééjì bá ń já wálẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀kán kankan níta, ẹ tú plọ́ọ̀gì, kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Omi tó bá fọ́n jáde nínú ihò kan ti fi ara rẹ̀ hàn. Kí ojú má wà lókè ihò náà o.

Àyẹ̀wò kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ni ti ẹ̀kẹta. Kí wọ́n tú gbogbo plọ́ọ̀gì, kí wọ́n gé epo àti iná plọ́ọ̀gì kúrò, kí wọ́n tẹ íná dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì. Ìfiwéra ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bí sílíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an, táwọn yòókù dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àárín wọn ló ya. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló lọ sílẹ̀, wọ́n á kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríǹgì písítìnnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Kí ló jẹ́ kó gbóná?

Bí ẹ̀rí méjì bá ti bára mu, ó kù kí ẹ mọ ohun tó bà á jẹ́, torí bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbóná ló kọ́kọ́ wá kí gásíkẹ́ẹ̀tì tó lọ. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó sì ń tutù bó bá dé orí màrosẹ̀, fáànù ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ orí eré tàbí òkè ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ lè ti dí, tàbí kí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ. Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ ni wọ́n ti yọ tàmósítáàtì rẹ̀ (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná) dànù, tí wọ́n sì ti so fáànù ní dáyírẹ́ẹ̀tì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á tutù jù, kọ̀ǹpútà á máa mú P0128 wá, ìyẹn pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ, olówó rẹ̀ á sì rò pé àlàáfíà ni. Ẹ tún rántí pé bí omi bá ti tán pátá, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lè má gòkè, nítorí ohun tó ń wọn ìgbóná kò sí nínú omi mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá wá ṣí i, ẹ ní kí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfárin, kí wọ́n fi irin títọ́ wọn ojú rẹ̀ bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ dán an wò nínú omi bóyá ó ti sán. Orí tó ti sán máa ń fi gbogbo àmì tí mo kà sílẹ̀ yìí hàn, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ ra bóòtù tuntun pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí ẹ fojú ara yín rí ibi tó ti jóná.