Bí Agbaninímọ̀ràn Ṣe Lè Ran Oníbàárà Lọ́wọ́ Láti Yí Ìhà Tí Ó Kọ Sí Ọ̀ràn Ara Rẹ̀ Padà

Ẹ fojú inú wo bàbá ẹni ọdún 60 kan tí ó jókòó níwájú agbaninímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn. Ó ti lé lọ́dún kan tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí wọ́n sì ti kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ nìkan ni ó ń rántí oògùn náà. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó lè ka ewu ẹ̀jẹ̀ ríru láti orí dé ìdí. Lójú tirẹ̀, ẹni tí nǹkan kan kò dùn kò ní àìsàn, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lára rẹ̀ ni ohun tí àwọn tíọ́rì ìgbaninímọ̀ràn, ìyẹn àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe nípa iṣẹ́ yìí, ń wí ti hàn jù.

Ohun mẹ́ta ni ìhà tí ènìyàn kọ sí nǹkan máa ń ní nínú: ohun tí ó gbà gbọ́, bí ó ṣe rí lára rẹ̀, àti ohun tí ó ń ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mọ èyí tí ó di oníbàárà mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí bàbá yìí lo oògùn, a lè ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní tu irun kan lára rẹ̀.

Àṣìṣe tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ń ṣe jù ni pé a máa ń yára gbani níyànjú. Jack Brehm, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn tí n ó máa dárúkọ, ṣàlàyé ní ọdún 1966 pé bí ènìyàn bá ti fura pé wọ́n fẹ́ gba òmìnira òun lọ́wọ́ òun, ṣe ni yóò máa wá ọ̀nà láti dì í mú ṣinṣin. Bí a bá fún bàbá ní ìdí kan tí ó fi yẹ kí ó lo oògùn, yóò fún wa ní méjì tí kò fi yẹ, bí ó sì ti ń sọ ọ́ ni etí ara rẹ̀ ń gbọ́ ọ, tí ó ń gbà á gbọ́ sí i. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Carl Rogers. Ní ọdún 1957, ó kọ ọ́ pé kí oníbàárà tó lè yí padà, agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ fi ojú oníbàárà náà wo ọ̀ràn rẹ̀, kí ó bọ̀wọ̀ fún un láìfi nǹkan kan dè é, kí ó má sì ṣe ojú ayé. Ohun tí ó fà á kò ṣòro: ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ yóò máa gbèjà ara rẹ̀, ẹni tí ó ń gbèjà ara rẹ̀ kò sì ní àyè láti yẹ ara rẹ̀ wò. Rogers gbà pé àwọn nǹkan wọ̀nyí pọndandan, wọ́n sì tó. Ní tèmi, wọ́n pọndandan, ṣùgbọ́n n kò gbà pé wọ́n tó fún gbogbo ènìyàn. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí agbaninímọ̀ràn fi ẹ̀kọ́ nípa oògùn sílẹ̀, kí ó kàn béèrè bí ayé bàbá ṣe ń lọ, kí ó sì gbọ́ ọ tán.

Ohun tí a ń fetí sílẹ̀ fún nígbà náà ni ibi tí ohun tí bàbá fẹ́ràn àti ohun tí ó ń ṣe kò ti bá ara wọn mu. Leon Festinger ni ó gbé èyí kalẹ̀ ní ọdún 1957: ọkàn kì í lè fara mọ́ ohun méjì tí ó tako ara wọn, yóò sì wá bí yóò ṣe tún ọ̀kan ṣe. Ní ọdún 1959, òun àti James Carlsmith ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe iṣẹ́ tí ó súni, irú bíi kí wọ́n máa yí èèkàn kéékèèké lórí pákó, kí wọ́n sì lọ sọ fún ẹni tí ó kàn pé iṣẹ́ náà dùn. Wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní dọ́là 20. Àwọn tí ó gba dọ́là 1 ni wọ́n wá gbà lóòótọ́ pé iṣẹ́ náà kò burú, nítorí pé owó kékeré yẹn kò tó ìdí tí ènìyàn fi ń purọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀bùn tàbí ìhàlẹ̀ wa bá ti tóbi jù, oníbàárà lè ṣe ohun tí a fẹ́ lójú wa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní wá ìdí tirẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ fún wíwá ìdí yẹn ni èyí tí William Miller kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1983, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ọtí ti di ìṣòro fún, tí òun àti Stephen Rollnick sì fẹ̀ lójú lẹ́yìn náà. Ìlànà rẹ̀ ni pé oníbàárà ni kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun yí padà. Bí ó ṣe ń lọ nìyí:

“Bàbá, tí oódo bá jẹ́ pé kò ṣe pàtàkì rárá, tí 10 sì jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe pàtàkì tó o, níbo ni ẹ ó fi lílo oògùn yìí lójoojúmọ́ sí?”

“Ẹ kọ mẹ́rin síbẹ̀.”

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò béèrè ìdí tí kò fi ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwíjàre. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò yí ìbéèrè náà padà.

“Kí ló dé tí ẹ fi mú mẹ́rin, tí ẹ kò mú oódo?”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. “Nítorí àbúrò mi ni. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti bá a, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ ọ.”

“Ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ṣíbí bọ́ yín.”

“Èmi kẹ̀? Láéláé! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń jẹun.”

Ibí yìí ni ó nira jù, nítorí pé ìwàásù á ti dé ètè agbaninímọ̀ràn. Kí ó gbé e mì. Kí ó kàn béèrè bí oògùn náà ṣe jẹ mọ́ ọwọ́ tí bàbá kò fẹ́ kí ó kú, kí ó sì jẹ́ kí bàbá fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀.

Bí ó bá wá hàn pé èrò kan pàtó ni ó dènà, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ Albert Ellis, tí ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1955, àti ti Aaron Beck wúlò. Àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí a rò nípa ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó sábà máa ń dà wá láàmú ju ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Èrò bàbá ni pé bí nǹkan kò bá ti dun òun, ẹ̀jẹ̀ òun kò ru. A kò ní bá a jiyàn. A ó dán an wò. Kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ bí ara ṣe rí fún un kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì kọ iye tí ẹ̀rọ kà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí i níwájú “ara mi le” pé iye náà ga ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Gbígbà kò tíì di ṣíṣe o. Albert Bandura fi hàn ní ọdún 1977 pé ènìyàn kì í dáwọ́ lé ohun tí kò gbà pé apá òun ká, àti pé àṣeyọrí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó ń fún un ní ìgboyà jù, ju ọ̀rọ̀ ìwúrí lọ. Kí ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe kéré, kí ó sì ní ibùjókòó: kí oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, kí ó sì di ohun tí bàbá ń lò kí ó tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. James Prochaska àti Carlo DiClemente, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ó ń dá fi sìgá sílẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 1983 pé ìpele ni ìyípadà ń gbà. Ẹni tí kò tíì máa rò ó, ètò ojoojúmọ́ kò wúlò fún un.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni a ó fi sùúrù báyìí ṣe. Bí oníbàárà bá ń sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun, tàbí tí àyà bàbá ń dùn ún bí ó ti jókòó, kò sí ìbéèrè oódo sí mẹ́wàá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tí yóò jèrè nínú ìpinnu oníbàárà má sì lo ọgbọ́n yìí rárá, nítorí pé ẹ̀tàn lásán ni yóò dà.

Bí bàbá bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí ó ń wolẹ̀, tí ó ní ọjọ́ mẹ́rin péré ni òun lo oògùn nínú méje, kí a fi mẹ́ta tí ó kù sílẹ̀ ná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: “Bàbá, báwo ni ẹ ṣe rí i ṣe ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn?”