Bí A Ṣe Ń Ka Òṣìṣẹ́ Ilé-Ẹjọ́ ní Èkìtì: Ọjọ́ Orí, Ọdún Iṣẹ́ àti Àga Tí Yóò Ṣófo

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ilé-ẹjọ́ kan ní Èkìtì, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́ jáde, nítorí pé orúkọ gbogbo ẹni tí ń gba owó oṣù wà lọ́wọ́ àwọn ará ìṣirò owó. Ohun tí iye yẹn kì í sọ ni bí àwọn ènìyàn náà ti dàgbà tó, iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe gan-an, àti ọdún tí àga rẹ̀ yóò ṣófo. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akọ̀wé tí ó wà ní ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́, fún aṣojú JUSUN tí í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Kọ̀ǹpútà kan tí Excel wà lórí rẹ̀ ti tó. Bí kò bá sí, ìwé ńlá tí a fa ìlà sí náà yóò ṣe é.

Àwọn wo ni a óò kà?

Ibí yìí ni àkọsílẹ̀ ti sábà ń dàrú. Ní Adó-Èkìtì, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ àti ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn jọ wà nínú ìlú kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan náà ni ó gba àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dá ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó fi adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ṣe alága rẹ̀, ó sì fún un ní agbára láti yan ríjísíírà àgbà (olórí àwọn akọ̀wé kóòtù), àwọn májísíréètì, àwọn tí ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, kí ó sì bá wọn wí. Àwọn ti ìjọba àpapọ̀ ní ìgbìmọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe pa ìhà méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan, nítorí pé ìgbìmọ̀ kan kò lè dí àlàfo tí ó wà lábẹ́ èkejì.

Nínú ti ìpínlẹ̀, ẹ tún ya ọ̀nà mẹ́ta sọ́tọ̀: àwọn adájọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò gba owó ìfẹ̀yìntì, àti àwọn tí a yàn fún sáà tàbí tí a gbà fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ó pọ̀ jù, òun náà sì ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Òpó tí ẹ óò fà

Ìlà kan fún òṣìṣẹ́ kan. Ẹ fa òpó fún nọ́ńbà fáìlì, akọ tàbí abo, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, ìpele owó oṣù tí ó wà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìwé ẹ̀rí tí ó ní àti ìlú tí kóòtù rẹ̀ wà. Orúkọ kò pọn dandan. Nọ́ńbà fáìlì ti tó láti padà wá onítọ̀hún.

Òpó méjì ni ó ń fa wàhálà. Èkíní ni ọjọ́ ìbí. Ẹni tí a bí nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ìbí kò tíì wọ́pọ̀, ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni ó mú wá, kóòtù ni a sì ti ń ṣe irú ìbúra bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ orí ìwé àti ọjọ́ orí ilé lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n títú ìyẹn wò kì í ṣe ara iṣẹ́ yìí: ọjọ́ tí ó wà lórí fọ́ọ̀mù tí òṣìṣẹ́ náà kọ́kọ́ kọ nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ni kí ẹ mú. Èkejì ni ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ó tó wá sí kóòtù ti gbé ọdún iṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ tí ó dé kóòtù nìkan, ẹ ó rò pé ó ṣì máa pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ohun kan náà ni ó kan àwọn tí ó ti Òǹdó wá. Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, àwọn òṣìṣẹ́ tí Òǹdó àtijọ́ ti gbà sí kóòtù kò sì bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun ní ọjọ́ náà. Ẹni tí a gbà ní 1990 ti pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní 2025.

Ọdún ìfẹ̀yìntì

Òpó yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe bi òṣìṣẹ́ léèrè rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ìlànà iṣẹ́ ọba ni pé kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tí ó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí nígbà tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ẹ fi 60 kún ọdún ìbí, ẹ fi 35 kún ọdún ìgbàsíṣẹ́, kí ẹ sì mú èyí tí ó kéré jù. Lórí Excel, MIN, àṣẹ tí ń yan iye tí ó kéré jù, ni yóò mú un fún yín. Ẹni tí a bí ní 1968, tí ó wọ iṣẹ́ ní 1997, ì bá lo ọdún 35 pé ní 2032, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí yóò ti mú un lọ ní 2028. Ẹni tí a bí ní 1975, tí ó wọ iṣẹ́ ní 1996, kò ní lè dúró di 2035 tí yóò pé ẹni 60. Ọdún 2031 ni yóò kúrò.

Bí ẹ bá wo ìṣirò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹni ọdún 25 ni ààlà. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ kí ó tó pé 25, ọdún iṣẹ́ ni yóò lé e jáde. Ẹni tí ó wọ ọ́ lẹ́yìn náà, ọjọ́ orí ni. Èyí kan Èkìtì gidigidi, nítorí pé ọmọ tí ó jáde ní EKSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì) tàbí ní Federal Polytechnic lè wà níta fún ọdún mélòó kan kí iṣẹ́ ìjọba tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹni tí ẹ gbà bá ti pé ẹni 35, ọdún 25 péré ni yóò lò. Kóòtù tí ó ń gba àwọn tí ó ti dàgbà yóò máa wá ẹlòmíràn kíákíá ju èyí tí ó gba ọ̀dọ́ lọ, kódà bí iye òṣìṣẹ́ méjèèjì bá dọ́gba lónìí.

Ẹ fojú sí 2031 sí 2034 pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ìpínlẹ̀ tuntun gbà láàárín 1996 sí 1999, tí ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò lè kọjá àwọn ọdún yẹn. Bí a bá gba ènìyàn púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè lọ ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má ṣe fi ìṣirò yìí ka adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Àtúnṣe òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì di 70 ọdún fún wọn. Májísíréètì kò sí lára àwọn tí ìwé òfin kà sí adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bákan náà, òfin ọdún 2022 tí ó fún olùkọ́ ní 65 ọdún kò tẹ̀ lé ẹni tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ wá di akọ̀wé kóòtù.

Ẹ pín wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn

Ìpele nìkan kò tó. Ẹni méjì lè wà ní ìpele 8, kí ọ̀kan jẹ́ aṣírò owó, kí èkejì jẹ́ ẹni tí ń ka ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́. CEPEJ, ìgbìmọ̀ tí ó ń wo bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù láti 2002, máa ń ya àwọn tí ń ran adájọ́ lọ́wọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ti ètò ọ́fíìsì àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọgbọ́n náà dára, a sì lè fi ti wa kún un: ríjísíírà, akọ̀wé, tápíìsì, béèlíìfù (ẹni tí ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́), ògbufọ̀, ẹ̀ṣọ́ àti atọ́jú ilé.

Ká ní kóòtù májísíréètì kan ní òṣìṣẹ́ 12, tí 4 nínú wọn yóò lọ láàárín ọdún 3. Lójú ìwé, kò burú. Ṣùgbọ́n bí béèlíìfù méjèèjì àti ògbufọ̀ kan ṣoṣo bá wà nínú 4 náà, ìwé ìpẹ̀jọ́ kò ní dé ọwọ́ ẹni tí a pè lẹ́jọ́, ẹjọ́ yóò sì máa gba ọjọ́ tuntun. Béèlíìfù tí ó ti pẹ́ ní Ìkọ̀lé tàbí Òmùò mọ abà tí ọkọ̀ kì í dé àti orúkọ ìnagijẹ tí a fi ń mọ ènìyàn níbẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó gbọ́ ohùn Ọ̀tùn àti ti Adó, tí ó tún gbọ́ èdè Ebira tí àwọn àgbẹ̀ àlejò ń sọ, kì í jáde láti inú ìpolówó iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi àmì sí irú àga bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé orí obìnrin àti ọkùnrin, ẹ má ṣe dúró lórí pé obìnrin jẹ́ ìdá báyìí nínú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ ka wọn ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé obìnrin lè pọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n láàárín béèlíìfù. Ẹ ka àwọn tí ó ní àìpé ara náà. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fún wọn ní ó kéré tán ìdá 5 nínú 100.

Láti ọdún dé ọdún

Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kò fi ibi tí nǹkan ń lọ hàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ẹ kọ iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde àti ìdí tí wọ́n fi jáde: ìfẹ̀yìntì, ikú, lílọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ìyọnilẹ́nu-iṣẹ́, tàbí jápa. Ọdún tí ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni yóò hàn gẹ́gẹ́ bí àlàfo láàárín àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́, àlàfo náà ni yóò sì fa àìsí ẹni tí yóò di ọ̀gá lọ́la.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iye ẹjọ́ wé iye òṣìṣẹ́, ẹ yọ 2021 sí apá kan. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ JUSUN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún yẹn nítorí òmìnira ìnáwó ilé-ẹjọ́, kò parí títí di oṣù Kẹfà. Àìpọ̀ ẹjọ́ ọdún náà kò túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù.

Kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín

Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà. Nínú kóòtù ìbílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ọjọ́ orí kan ti tó láti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Nítorí náà, ẹ pa irú àwọn kóòtù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé tí yóò jáde síta, kí ẹ sì fi àlàyé kíkún pamọ́ sínú fáìlì ọ́fíìsì.

Oṣù 3 ni òṣìṣẹ́ fi ń ṣe ìfitónilétí kí ó tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn kò sì tó láti polówó iṣẹ́, láti ṣe ìdánwò, kí ẹni tuntun tún rí àgbà tí yóò tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ní òpó mẹ́ta péré: ìlú, iṣẹ́, ọdún tí àga yóò ṣófo, kí ó sì kan àwọn tí yóò lọ láàárín ọdún 3 nìkan. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ jọ, nítorí pé àga tí kò bá ti wọ inú ìṣúná kò ní rí owó oṣù gbà, bí ó ti wù kí ìgbìmọ̀ fẹ́ gba ènìyàn sí i.