Ara Ọmọ Kọ Ẹ̀pà: Ibi Tí A Ti Ń Ṣì í Ṣe

Ọmọ mi ò tíì pé ọdún 3 nígbà tí dókítà kan ní Adó-Èkìtì sọ fún wa pé ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Àlẹ́jì ni wọ́n pè é. Mo délé, mo kó kúlíkúlì àti ẹ̀pà yíyan dà nù, mo ní ó tán. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀pà tó ń fa wàhálà kì í sábà jọ ẹ̀pà lójú. Ó wà nínú dọ̀ǹkùwà, ó wà nínú yájì tí wọ́n ń bù sí súyà, ó sì wà nínú òróró ẹ̀pà tí wọ́n fọwọ́ fún. Ibi tó ti wá bá èmi ni ẹ̀rọ ìlọta. Mo gbé ẹ̀gúsí lọ sọ́jà, ẹni tó wà níwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ẹ̀pà tán. Ìyá tó ń lọ̀ ọ́ fi igi gbá ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹnu fẹ́ ẹ fùú, ó ní kí n gbé tèmi wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà jẹ iyán, kò tó ìṣẹ́jú 10, ètè rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ lé bí ẹni tí kòkòrò jẹ. Ilé ni mo ti ń lọ ẹ̀gúsí báyìí.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ kó máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, á mọ́ ọn lára." Ẹ má dán an wò nílé o! Àwọn dókítà kan ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ojú wọn ni. Mo ní, "Màmá, ẹ kà á sí èèwọ̀ rẹ̀." Kíá ló yé wọn. Àfi bí wọ́n ṣe bi mí lọ́sẹ̀ kejì pé ìdílé ta ló ti jogún èèwọ̀ ọ̀hún.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ṣèèṣì jẹ ẹ̀pà, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Ọmọ tí ń mí gúlegúle lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Piriton lè dín ara yíyún kù, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Bí ohùn bá há, tí èémí ń súfèé, tàbí tí ara rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, ní itan ni, kíákíá. Ẹ má pọ̀n ọ́n sáré. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí bá ń nira, kó jókòó. Bó bá rọlẹ̀ náà, ẹ má tíì kúrò ní ilé ìwòsàn, ó lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ sì ti béèrè ṣáájú, ilé ìwòsàn wo nítòsí yín ló ní abẹ́rẹ́ yìí lóru.

Ìbẹ̀rù tún mú mi gba ẹyin, wàrà, ẹja àti ẹ̀wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rù. Dókítà bínú: ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kọ ẹ̀pà ló ń jẹ ẹ̀wà láìsí ewu.

Ní ilé ìwé, mo sọ fún tíṣà, mo sọ fún ọ̀gá wọn. Ìyá tó ń ta ìpápánu lẹ́nu géètì ni mo gbàgbé. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó káàánú ọmọ gan-an, ó ní gúgúrú nìkan lòun á máa bù fún un. Mo wo inú ike rẹ̀: gúgúrú lápá kan, ẹ̀pà lápá kejì, ife kan náà ló fi ń bù wọ́n.