Bí mo ṣe wo ìjà Israel Adéṣànyà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé

Ẹni tó bá jẹ́ pé àgékúrú fídíò nìkan ló fi mọ Israel Adéṣànyà, ibi tó ti na èèyàn dákú nìkan ló rí. Èmi fẹ́ mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá wo gbogbo ìjà rẹ̀ ní UFC, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà àdàlù tí ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti gbígbé èèyàn lulẹ̀ wà nínú rẹ̀, láti èyí tó kọ́kọ́ jà ní Perth, ní Ọsirélíà, ní oṣù kejì ọdún 2018, títí dé èyí tó bá Nassourdine Imavov jà ní Riyadh ní oṣù kejì ọdún 2025. Mi ò fo ìkankan, àtèyí tó borí àtèyí tí wọ́n ti lù ú.

Mo kọ orúkọ àwọn tó bá jà sínú ìwé, mo wá pa ohùn fídíò. Àwọn tó ń ròyìn ìjà máa ń darí ojú ẹni. Tí wọ́n bá ti pariwo, a ó rò pé ẹ̀ṣẹ́ náà wọlé, bẹ́ẹ̀ apá lonítọ̀hún fi gbà á. Bí ráùndì kan bá ti parí, màá dá fídíò dúró, màá fún ẹni tó borí ní máàkì 10, màá fún èkejì ní 9 tàbí 8, kí n tó yẹ ohun tí àwọn adájọ́ mẹ́ta kọ wò.

Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ yá. Rob Wilkinson ń wá bó ṣe máa gbé e lulẹ̀ ṣáá, kò dá a dúró kọjá ráùndì kejì. Ìjà Kelvin Gastelum, ní Atlanta, oṣù kẹrin ọdún 2019, ló dá mi dúró. Ní ráùndì kẹrin, Gastelum ta á nípàá lórí, Adéṣànyà sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nígbà tí ráùndì yẹn parí, 38 sí 38 ló wà nínú ìwé mi. Ráùndì karùn-ún bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yìí sì lu Gastelum bolẹ̀ léraléra títí aago fi gbà á sílẹ̀. 48 sí 46 ni adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó ní láti jẹ́ pé wọ́n fún un ní 10 sí 8 níbì kan.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ní Melbourne, nígbà tí Adéṣànyà bá Robert Whittaker jà lójú àwọn èèyàn tó lé ní 57,000, ni ẹ̀tàn rẹ̀ ti yé mi. Mo dín eré fídíò kù. Á mi èjìká díẹ̀, á gbé orúnkún bí ẹni fẹ́ tapá, kò sì ní tapá. Robert Whittaker á rò pé àyè ti ṣí, á já wọlé, Adéṣànyà á kàn fa orí sẹ́yìn, á sì dá ẹ̀ṣẹ́ padà. Bó ṣe gba bẹ́líìtì ìdíje UFC nìyẹn ní ráùndì kejì.

Kí n tó wo ti Alex Pereira, mo kọ́kọ́ lọ wá ìjà kickboxing (ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, láìsí gbígbé èèyàn lulẹ̀) méjì tí wọ́n jà ní 2016 àti 2017. Pereira ló borí nínú méjèèjì, ó tilẹ̀ nà án dákú ní èkejì. Ní New York, oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adéṣànyà ló ń lé iwájú lọ́wọ́ àwọn adájọ́ kí Pereira tó lù ú débi tí rẹfirí fi dá ìjà náà dúró ní ráùndì karùn-ún. Ẹni tó bá ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ti Miami, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 2023, máa yé dáadáa. Adéṣànyà fẹ̀yìn ti wáyà tó yí ibi ìjà ká, apá bo ojú, Pereira ń da ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí. Ó wá ju ọwọ́ ọ̀tún, ó tún jù ú, Pereira sì lọ sílẹ̀ gbalaja. Bí ìjà ṣe parí, ó na ọwọ́ bí ọdẹ, ó ta ọfà mẹ́ta sí i. Ìṣe Pereira fúnra rẹ̀ nìyẹn, òun ló máa ń ta ọfà bó bá ń bọ̀ wá jà. Mo wo ibẹ̀ ní àwòtúnwò, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Àwọn tó pàdánù le fún mi láti wò, ṣùgbọ́n àwọn ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí jù. Jan Błachowicz, tó bá jà ní ìwọ̀n kílò 93 dípò 84 rẹ̀, kàn gbé e lulẹ̀ ní ráùndì méjì tó kẹ́yìn ni. Ti Sean Strickland, ní Sydney, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, yàtọ̀. Gbogbo mímì èjìká yẹn, Strickland ò dá a lóhùn. Ó ń rìn bọ̀ ṣáá, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ síwájú. Tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, kì í ṣe ìgbà tí Dricus du Plessis fún un lọ́rùn ní Perth lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tí kò bá ráyè wo gbogbo rẹ̀, kó wo ti Gastelum, ti Whittaker àkọ́kọ́, ti Pereira mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì fi ti Strickland kún un. Kó ṣáà rí i pé òun pa ohùn rẹ̀.