Bí Ọ̀kadà Kò Bá Gba Sílóò: Ohun Tí Ẹ Lè Yẹ̀wò Fúnra Yín

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ àti ará ilé tó ń lo ọ̀kadà àtijọ́ oníkábúrétọ̀ (kábúrétọ̀ ni ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnì), bíi Bajaj Boxer àti Honda CG125. Bí ọ̀kadà bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹ fún un níná, tàbí tó ń kú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dẹwọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n fi sùkúrúdíráfà gbé sílóò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí ẹ kò fún un níná, sókè. Ariwo á pọ̀, epo á máa jó dànù, àrùn náà á sì wà níbẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sùkúrúù sílóò yẹn.

Ẹ fi ṣóòkù dán an wò

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ọ̀kadà. Olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kó gbóná bí ìṣẹ́jú 5, torí ẹ́ńjìnì tútù kì í sòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ṣóòkù díẹ̀, ìyẹn ọwọ́ kékeré ara kábúrétọ̀ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i.

Bí ó bá dúró dáadáa lórí ṣóòkù, tó sì kú nígbà tí ẹ dá a padà, epo ò tó o ni. Bí ó bá túbọ̀ ń kọsẹ̀, tí èéfín dúdú ń jáde, epo ló pọ̀ jù: asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, ṣóòkù kì í padà tán, tàbí fulóòtì, ohun tó ń léfòó nínú kábúrétọ̀, ò sé epo mọ́. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Àwọ̀ ilẹ̀ dára. Dúdú tó gbẹ, epo pọ̀ jù. Funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ọ̀rọ̀ ti kọjá kábúrétọ̀.

Epo tí kò tó

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí nìyí, pàápàá fún ẹni tó ń ra bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Omi àti pàǹtí máa ń bá a wọlé, táńkì àtijọ́ náà sì ní ìpẹtà tirẹ̀. Ẹ ti ẹ̀rọ abẹ́ táńkì tó ń ṣí epo sílẹ̀, ẹ tú sùkúrúù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, kí ẹ gba epo tó bá jáde sínú ìgò funfun. Kí sìgá àti àtùpà jìnnà síbẹ̀. Omi á sùn sísàlẹ̀ ìgò. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbọn epo táńkì náà dànù, torí bí ẹ bá fọ kábúrétọ̀ nìkan, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà á fi padà.

Ihò sílóò jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré inú kábúrétọ̀ tí epo sílóò ń gbà kọjá, kéré bí irun. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún un: bó bá ti fẹ̀ sí i, ọ̀kadà á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ títí ẹ ó fi ra òmíràn. Ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kí oní fọkanáísà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ gbójú kúrò níwájú rẹ̀.

Bí jẹ́ẹ̀tì bá mọ́, ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí i nígbà tí ọ̀kadà wà lórí sílóò. Bí ohùn bá yí padà, rọ́bà ti là. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ dànù kí ọ̀kadà lè sáré. Nínú eruku ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́, owó písítọ̀n ni wọ́n fi ń ṣeré. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, kí ẹ sì fún ọ́ìlì tó pọ̀ jù jáde nínú rẹ̀.

Ìgbà wo la ń yí sùkúrúù?

Ìgbà yìí ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ ọ̀kadà sọ́tùn-ún sósì. Bí ohùn bá ròkè, kébù tí ẹ fi ń fún un níná ló le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí sùkúrúù epo-àtafẹ́fẹ́ wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, láìfipá mú un. Ẹ yí i jáde lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀, kí ẹ máa wá ibi tí ohùn ti ga jù tó sì dúró déédéé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá fi sùkúrúù sílóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lórí CG125, ìyípo bíi 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ.

Bí kò bá tíì dúró, ó lè jẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, tó yẹ kó ní àlàfo 0.08 mm lórí CG125 nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ sì sọ ohun tí ṣóòkù àti púlọ́ọ̀gì fi hàn fún un, kó má bàa tú gbogbo ẹ́ńjìnì palẹ̀.