Bí ẹ ó ṣe máa ṣọ́ ẹni tí ìpayà ti mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀ rí, kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀

Àìsàn ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní Takotsubo, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Japan ní ọdún 1990, máa ń jọ ìkọlù ọkàn gan-an: àyà a máa dunni, mímí a máa ṣòro, ECG (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́) a sì yí padà, síbẹ̀ wọn kì í rí ohun tó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọ̀fọ̀, ìbẹ̀rù, ìjà tàbí àìsàn líle ló sábà máa ń fà á, nígbà tí adrẹnalíìnì, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, bá pọ̀ lápọ̀jù lára lójijì. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló ń ṣe jù. Ọkàn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń túra sílẹ̀ jù, nítorí ó lè padà wá, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà èsì ECG àti ti skáànù ọkàn ní ilé ìwòsàn, kí ẹ ya fọ́tò wọn sínú fóònù aláìsàn àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹni tó ń gbé ní Kubwa lè bá ara rẹ̀ lóru níwájú dókítà kan ní Gwagwalada tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì yẹ kí dókítà náà mọ ìtàn yìí kó tó fún un ní oògùn tó jọ adrẹnalíìnì. Ẹ má ra oògùn tó ń la imú dídí ní kẹ́místì láìbéèrè, nítorí àwọn kan nínú wọn jọ adrẹnalíìnì. Àmọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ ju oògùn tó ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró (inhaler) nù. Dókítà ni kí ó bá sọ ọ́.

Kò sí oògùn kan tó dájú pé yóò dènà rẹ̀. Ó ti tún ṣe àwọn kan nígbà tí wọ́n ṣì ń lo oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn. Síbẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, bí àníyàn tàbí ìsoríkọ́ bá sì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun náà.

Ọ̀rọ̀ ìròyìn ló ká mi lára jù. Nílé, àgbà ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀. Ní Abuja, WhatsApp ẹbí ló ń gbé e wá ní ọ̀gànjọ́, pẹ̀lú àwòrán olóògbé. Ẹ bá ẹbí ṣe àdéhùn pé ẹnìkan péré, ọmọ tàbí àbúrò tó wà nítòsí, ni wọn yóò máa pè. Kí wọ́n má pe màmá tí àìsàn yìí ti ṣe rí fúnra rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n máa wí pé, «Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ṣé ẹ jókòó? Ṣé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ yín?», nítorí ìbéèrè yẹn nìkan ti tó láti já àyà. Kí ẹni tí ẹ yàn wọlé tọ̀ ọ́ ní ojúmọmọ, kí ó jẹ́ kí ó jẹun, kí ó sọ òtítọ́ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó sì dúró tì í. Ẹ má fi pamọ́ pẹ́, kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò. Ayọ̀ òjijì pàápàá ti fà á rí, nítorí náà ẹ má ṣe àpèjẹ ìyàlẹ́nu fún un.

Bí àyà bá tún ń dùn ún, ẹ má sọ pé ti àná ló tún dé. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìkọlù ọkàn. Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti wádìí ṣáájú pé wọ́n ń ṣe ECG tọ̀sán-tòru. Ẹ má dúró de àgbo, ẹ lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀, pàápàá ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Nyanya, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ máa ń wà, kọjá ní àárọ̀.